Ẹ Gba Nọ́ńbà Kí Ẹ Tó Sanwó: Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Ilé Ṣàngótẹ̀dó

Bowie, Maryland,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹta, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

   

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì rí fọ́tò ìwé tí arákùnrin inú ìjọ yín tó fẹ́ bá yín kọ́ ilé Ṣàngótẹ̀dó fi hàn yín. Lẹ́tà ni mo yàn láti kọ, kí ẹ̀yin àti Màmá àwọn ọmọ lè jọ kà á, kí ẹ sì lè tún un kà. Èmi ni àbúrò, n kò tó ẹni tí ń kọ́ yín bí ẹ ó ṣe ná owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ fi òógùn ojú kó jọ. Àmọ́ ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé CAC tí arákùnrin náà fi hàn yín kì í ṣe ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Ohun tó ń sọ kò ju pé ó ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó ń ránṣọ lè gbà á, ẹni tó ń ta búrẹ́dì lè gbà á. Pé gbogbo ìjọ sì ń pè é ní "Ẹnjiníà" kò sọ ọ́ di ẹnjiníà.

Ní Maryland níbí, ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ àtúnṣe ilé onílé gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí wọ́n ń pè ní MHIC. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn. Òfin ò gbà kó gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ lọ ṣáájú. Tó bá ba iṣẹ́ jẹ́, owó kan wà nílẹ̀ tí onílé lè béèrè níbẹ̀. Onílé tó bá gbéṣẹ́ fún ẹni tí kò níwèé àṣẹ kò lè fọwọ́ kan owó yẹn.

Ní ilé wa, kò sí irú ìwé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé fún àwa aráàlú. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan tó mọ iṣẹ́ ni òfin ń fún láṣẹ: ayàwòrán-ilé lọ́dọ̀ ARCON, ẹnjiníà lọ́dọ̀ COREN, kọ́lékọ́lé tó kàwé gboyè lọ́dọ̀ CORBON tí òfin ọdún 1989 dá sílẹ̀. Olúkúlùkù wọn ló ní nọ́ńbà àti òǹtẹ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ tí MHIC ń bá wa ṣe níbí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é. Tí arákùnrin yẹn bá ní òun ni agbaṣẹ́ṣe, kò burú. Ta wá ni ẹnjiníà rẹ̀? Kí ni nọ́ńbà COREN ẹni náà? Ẹ gba nọ́ńbà yẹn, kí ẹ kàn sí COREN fúnra yín kí wọ́n bá yín wò ó bóyá orúkọ àti nọ́ńbà bára mu. Ẹ ṣe bákan náà lọ́dọ̀ CORBON.

Nọ́ńbà nìkan ò sì tó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń fi òǹtẹ̀ lu pílánù ni, wọn ò ní dé ibi iṣẹ́ títí ilé á fi parí. Ẹ gba lẹ́tà àbójútó tí ẹnjiníà fọwọ́ sí, tó sọ pé òun ló máa mójú tó iṣẹ́ náà. Ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò sí kọnkéré kankan tí wọ́n máa dà, yálà ti ìpìlẹ̀ tàbí ti déékìn, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ti yẹ irin wò.

Ẹ rántí ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, 2021. Àwọn tó kú lé ní 40, ẹni tó ń kọ́ ilé náà gan-an sì wà lára wọn. Ọ̀gá kan nínú ìjọba Èkó sọ nígbà náà pé alájà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí. Ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan sì ti kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti ọdún 2020. Lójú ọ̀nà tiyín náà, ní Lẹ́kì, ilé alájà márùn-ún kan wó ní oṣù Kẹta, 2016, ó pa ènìyàn tó lé ní 30. Mo mọ̀ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan péré ni tiyín, àmọ́ ìbéèrè kan náà ló yẹ kí ẹ bi arákùnrin yìí: ǹjẹ́ ẹnjiníà kankan ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ rí, kí ló sì fà á? Kó mú yín lọ wo ilé tó ti kọ́ ní Badore tàbí Abraham Adésànyà, ilé tí òjò bí ọdún mẹ́rin márùn-ún ti rọ̀ lé lórí. Kí òun kọ́kọ́ lọ síta, kí ẹ bá onílé sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá kàn. Ilẹ̀ Ṣàngótẹ̀dó kì í ṣe ilẹ̀ pupa Ìbàdàn. Ọ̀sà wà ní apá kan, òkun wà ní apá kejì, omi sì wà nítòsí lábẹ́ iyanrìn. Ibi tí wọ́n fi iyanrìn dí àbàtà lè máa rì díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ìpìlẹ̀ nítorí pé "bí a ṣe ṣe ti aládùúgbò nìyẹn". Ẹ ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀, kí ẹnjiníà fi èsì rẹ̀ yan irú ìpìlẹ̀ tí ilẹ̀ yín fẹ́. LSMTL, ilé àyẹ̀wò ìjọba Èkó, ń yẹ ilẹ̀ wò, ó sì ń yẹ kọnkéré wò pẹ̀lú. Kí sọ́kàwéè jìnnà sí kànga yín, nítorí omi ibẹ̀ kò jìn, ìdọ̀tí á tètè dé inú rẹ̀.

Kí ìwé ìjọba pé kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì. LASPPPA ló ń fọwọ́ sí pílánù. LASBCA ló ń fúnni láṣẹ láti bẹ̀rẹ̀, tó ń wá yẹ iṣẹ́ wò ní ìpele-ìpele, tó sì ń fúnni ní ìwé pé ilé yẹ fún gbígbé nígbà tó bá parí. Agbaṣẹ́ṣe tó bá sọ fún yín pé "ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ ná, a ó rí wọn tó bá yá", ẹ sá fún un. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ilẹ̀ yín sún mọ́ ojú ọ̀nà omi. Ẹ rántí àwọn ilé tí ìjọba wó ní Ìkọ̀tá nítorí gọ́tà ńlá. 

Ní ti owó, ìdá méje nínú mẹ́wàá tí arákùnrin náà ní kí ẹ san ṣáájú ti pọ̀ jù. Ẹ pín in: ti ìpìlẹ̀ títí dé jámánì flọ́ọ̀, ti ògiri dé líńtẹ́ẹ̀lì, ti déékìn, ti òrùlé, ti ìparí. Ẹ má san ti ìpele kan kí ẹnjiníà tó kọ̀wé pé èyí tó ṣáájú dára. Kí owó díẹ̀ sì kù lọ́wọ́ yín títí òjò ọdún kan á fi rọ̀ lé òrùlé lórí.

Tó bá ṣe é ṣe, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa ra ọjà, kí òun gba owó iṣẹ́ nìkan. Ẹ ka ara àpò sìmẹ́ńtì: 42.5 ni kí wọ́n fi da kọnkéré, 32.5 kò kọjá rírẹ́ ògiri. Ẹ mú ohun ìwọ̀n tọ irin lọ, nítorí irin tí wọ́n ń pè ní 12 lè má tó 12. Ẹ má gba iyanrìn etí òkun. Iyọ̀ inú rẹ̀ á máa jẹ irin nínú kọnkéré. Búlọ́ọ̀kù tó bá fọ́ nígbà tí wọ́n ń já a sílẹ̀, sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ kò tó. Kí wọ́n máa wọ́nmi sí déékìn fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, kí wọ́n má sì tú pákó abẹ́ rẹ̀ títí ẹnjiníà á fi ní ó yá.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ á wá nígbà ìpìlẹ̀, wọ́n á tún wá nígbà déékìn. Òfin Èkó ti ọdún 2016 lòdì sí kí ẹnikẹ́ni máa gbowó lórí ilé tí à ń kọ́ tàbí kó dá iṣẹ́ dúró. Síbẹ̀, ẹ kọ ẹni tó máa dá wọn lóhùn sínú àdéhùn, kó má di pé agbaṣẹ́ṣe á máa fi orúkọ wọn béèrè owó lọ́wọ́ yín.

Mo mọ ohun tó ń dùn yín lọ́kàn: ará ìjọ kan náà ni yín, ẹ ò fẹ́ kó dà bíi pé ẹ ò fọkàn tán an. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ lé mi lórí. Ẹ sọ fún un pé àbúrò yín tó wà ní Amẹ́ríkà, tó fẹ́ dá sí owó ilé náà, ló ní òun kò ní fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ láìrí nọ́ńbà COREN, ìwé LASPPPA àti àdéhùn tí ẹ jọ fọwọ́ sí. Òótọ́ sì ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo máa ṣe. Tó bá mọ iṣẹ́, kò ní ṣòro fún un. Tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú nísinsìnyí tí owó ṣì wà lápò yín.

 Màmá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ẹ̀gbọ́n mi létí.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́.