Orúkọ Tí A Kì Í Pè

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti di rẹ́jísítà mú rí mọ̀ pé orúkọ ni olùkọ́ kọ́kọ́ ń wá. Èmi tí mo di alábẹ̀wò ilé-ìwé lónìí, n kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àṣà náà. Òun ni ó dójú tì mí ní ọdún 2012, ní erékùṣù Bathurst, ní òkè àríwá ilẹ̀ Ọsirélíà.

Yunifásítì ni mo wà ní ilẹ̀ náà nígbà náà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá àti olùkọ́ wa ni a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Darwin lówùúrọ̀. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 80 kìlómítà, èébì sì gbé àwọn kan nínú wa, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Àwọn Tiwi ni ó ni erékùṣù yìí àti Melville tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wurrumiyanga ni ìlú tí a gúnlẹ̀ sí. Nguiu ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 2010. Ibẹ̀ ni àlùfáà Kátólíìkì kan, Francis Xavier Gsell, tẹ ibùdó ìjọ dó sí ní 1911.

Ìyá àgbàlagbà kan ni ó ń mú wa kiri, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Nínú ilé tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi, mo rí òpó kan tí a fi ẹfun, èédú àti erùpẹ̀ pupa kùn. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. N kò lè kọjá lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ta ni ó gbẹ́ èyí? Kí ni orúkọ rẹ̀?”

Ìyá náà dákẹ́, ó wo ilẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ẹni náà ti kú, kò sì tíì pẹ́, a kì í pe orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kà á nínú ìwé pé C. W. M. Hart, tí ó gbé láàárín àwọn Tiwi ní 1928 sí 1929, rí i pé bí ẹnìkan bá kú, kì í ṣe orúkọ tirẹ̀ nìkan ni ó ń di èèwọ̀. Àwọn orúkọ tí ó sọ ọmọ pẹ̀lú di èèwọ̀, àti ọ̀rọ̀ lásán tí ó bá jọ wọ́n létí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fojú inú wo rẹ́jísítà irú ìlú bẹ́ẹ̀!

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, n kò lè rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni bàbá mi kú nílé. Owó ọkọ̀ òfúrufú kò sí lọ́wọ́ mi, ìdánwò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n sin ín láìsí èmi, àkọ́bí rẹ̀. Kí n má baà sunkún, mo máa ń pe orúkọ rẹ̀ lóru, mo ń ki í. Àbúrò mi bí ọmọkùnrin lẹ́yìn ìsìnkú náà, Babátúndé ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, òkú tí a kò pè mọ́, a ti sọ ọ́ nù.

Wọ́n mú wa dé itẹ́ òkú. Àwọn òpó tí a ń pè ní tutini dúró yí ibojì ká, òmíràn ti wó, ikán ti jẹ òmíràn. Mo kọ́kọ́ rò pé àìbìkítà ni. Mo ṣìnà: bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ ẹ, kí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn gbà á díẹ̀díẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi kọjá lọ.

Kí a tó padà sí etí omi, mo bẹ ìyá náà pé kí ó dárí jì mí, mo sì sọ fún un pé èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù bàbá mi ni. Kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ní, “Kí ni ó máa ń fi ọwọ́ ṣe?”

Mo ní igi ni ó ń gbẹ́.

“Irú igi wo?”

Mo sọ fún un nípa ọ̀mọ̀ àti ìrókò, bí ọ̀kan ṣe rọ̀ tí èkejì sì le. Ó ní igi tiwọn le débi pé ó ń ba àáké jẹ́. Mo ní bàbá mi ìbá fẹ́ràn láti gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sún fún mi kí n jókòó. Ọ̀rọ̀ igi ni a ń sọ títí wọ́n fi pè wá sínú ọkọ̀.