Ohun Tí Ojú Wa Rí Lórí Dírílì Ẹgbẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bi wá léèrè pé kí ló fà á tí iṣẹ́ ilé ìpàdé wa fi dúró fún odidi oṣù mẹ́ta, nígbà tí dírílì tuntun wà nílẹ̀. Àwa mẹ́ta tí ẹgbẹ́ fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ rò pé ó yẹ kí a ṣàlàyé sínú ìwé ọdún yìí, kí ẹlòmíràn lè fi tiwa kọ́gbọ́n.

Gbogbo wa la mọ ohun tí omi ṣe ní Lọ́kọ́ja ní 2022. Odò Ọya àti Bẹ́núè kún àkúnya, omi gba Gánájà àti Adánkolo, ó sì dí ọ̀nà Àbújá. Omi wọ ilé ìpàdé wa, ó ba kọ́bọ́ọ̀dù àti férémù fèrèsé jẹ́. Nígbà tí ọmọ wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́, ó fi dírílì oníbátìrì kan ránṣẹ́. Dírílì gidi ni. Ẹnu rẹ̀ kò dà bí èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ dè. Èèyàn kàn ń ti bíìtì bọ̀ ọ́ ni, yóò sì dè fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíìtì méjì péré ló bá a wá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀kan ti kán, èkejì ti kú.

A mú dírílì lọ sí ọjà. Gbogbo bíìtì tí wọ́n kó fún wa ló ní ìdí róbótó, ẹnu dírílì wa sì jẹ́ onígun mẹ́fà. A rán ènìyàn sí Àbújá, ó ra onígun mẹ́fà kéékèèké bọ̀. Wọ́n wọlé lóòótọ́, inú wa sì dùn, ṣùgbọ́n bí káfíńtà bá ti lu igi tán tó fa dírílì sẹ́yìn, bíìtì á dúró sínú igi. A kọ̀wé sí àwọn tó ta dírílì náà. Wọ́n ní àfi kí a ra tiwọn nìkan. Iye tí wọ́n dá lé e ju agbára àpò ẹgbẹ́ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àwọn kan ní a ti ta àwọn bíìtì tó bá dírílì wá, àwọn mìíràn ní a ti kó owó iṣẹ́ jẹ. Ọ̀kan nínú wa ti ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láìgba ìwé ẹ̀sùn rí. Ó dùn ún débi pé ó fẹ́ kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ìkánjú àtiwẹ ara wa mọ́ ló mú wa ṣe àṣìṣe: a ní kí wẹ́dà jó ìdí onígun mẹ́fà mọ́ bíìtì róbótó. Kò gún. Bí dírílì ti ń yí, ó já, ó sì fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọmọ iṣẹ́ káfíńtà. Ọlọ́run ló yọ ọ́. A jókòó sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì la rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní pólì, pé kí a wọn nǹkan kí a tó rà á. A yá kálípà. Ìdí bíìtì tó kán jẹ́ mìlímítà 6.35, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì. Bákan náà ni ti Àbújá. Kí wá ni ìyàtọ̀? Ìdí ti dírílì gùn, ó sì ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká, bí ibi tí bèbè máa ń jókòó sí. Ọta kékeré inú ẹnu dírílì ló ń bọ́ sínú kòtò yẹn tó ń di bíìtì mú. Ti Àbújá kúrú, kò sì ní kòtò. E 6.3 ni àwọn oníṣẹ́ irin ń pe èyí tó ní kòtò, C 6.3 ni wọ́n ń pe èkejì. Kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń ṣe é.

A padà sí ọjà Lọ́kọ́ja kan náà. Bí a ti fi èyí tó kán han ẹni tó ń tajà, ó kó irú rẹ̀ jáde lábẹ́ káńtà. Wọ́n ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwa ni a kò mọ bí a ṣe ń béèrè. A tún ra ẹnu kékeré kan tó ní ìdí onígun mẹ́fà, òun ló ń gba àwọn bíìtì róbótó tó kún ọjà.

Ti kọnkéré yàtọ̀. Dírílì tó ń yí tó tún ń lu bí òòlù ló yẹ ẹ́, SDS sì ni ẹnu rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Bosch ti Jámánì ló gbé e jáde ní 1975, ṣùgbọ́n lónìí Makita àti DeWalt náà ń ṣe ẹ̀rọ tó ń lò ó. Ìdí SDS-plus jẹ́ mìlímítà 10, ti SDS-max jẹ́ 18; ọ̀kan kò lè wọ ẹnu èkejì. A yá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀nba iṣẹ́ ara ògiri.

Àwọn àgbà ní ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ra bíìtì, kó mú ògbólógbòó dání, kó wo ìdí rẹ̀ kó tó wo orúkọ ara páálí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jó o mọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi, ẹ ṣeun, ẹ kú ìrántí ilé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi wá pé irú bíìtì wo ló wà lọ́jà.

Ilé ìpàdé ti parí, kọ́bọ́ọ̀dù ti dúró, ẹni tó fẹ́ fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú wa. Gbogbo rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá. Kí Olúwa jẹ́ kí a ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Àṣẹ.