Irin Àtijọ́, Èkù Tuntun



Mo gbé àpò Ifá bàbá mi láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, torí ẹnu rẹ̀ ti ya. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Akẹ̀sán ni oníṣọ̀nà awọ tó máa ń bá wa rán an wà. Bó ṣe rí mi, ó na àtẹ́lẹwọ́: "Ẹ wo ọwọ́ mi, bàbá awo." Ó ti wú. Èkù irin tó fi ń lu awọ kéré jù, ìdí rẹ̀ ló ń gún un.

Ọmọ rẹ̀ ti gbẹ́ èkù mìíràn, roboto bí ẹyin, ó kún ọwọ́. Ó sì pọ́n ẹnu irin tirẹ̀ pẹlẹbẹ, ó mú. Bàbá kọ̀ ọ́: "Èyí ni mo bá lọ́wọ́ bàbá mi."

Ló bá fi irin kúkúndùn yẹn lu àpò mi. Awọ gbígbẹ náà tún ya díẹ̀ sí i. Àyà mi já! Ọmọ kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ fi tèmi dán an wò." Ihò tín-ín-rín ni; awọ ò ya. Bàbá dákẹ́, ó fi rán an tán.

Ẹ̀yin òbí, Ògún tó ni irin ò ní ká má pọ́n ọn. Àpò ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, kì í ṣe ọwọ́ wíwú.