Fíìmù àwọn ará Jàpáànù tí mo wò, tó mú mi rántí ìjà ilé bàbá wa

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí o. Alẹ́ Sátidé tó kọjá ni ọmọ mi fi fíìmù kan sí i, ó ní kí n wá wò ó. Ran lorúkọ ẹ̀, Akira Kurosawa ló ṣe é, ọdún 1985 ló jáde. Èdè wọn ò yé mi, Òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni mò ń kà. Oorun tiẹ̀ ti ń kùn mí, àfi bí bàbá arúgbó inú fíìmù náà ṣe ní òun fẹ́ fi ìjọba lé àwọn ọmọ òun lọ́wọ́. Kíá loorun dá lójú mi.

Hidetora ni bàbá yìí ń jẹ́, ẹni àádọ́rin ọdún ni, ogun ló sì fi kó gbogbo ilẹ̀ tó ní jọ. Ó fún àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta ní ọfà kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n ṣẹ́ ẹ. Ó wá di mẹ́ta pọ̀. Taro, àkọ́bí, ò lè ṣẹ́ ẹ, Jiro náà ò lè ṣẹ́ ẹ. Bí àwa náà ṣe ń fi ìgbálẹ̀ ṣàpèjúwe fọ́mọ nìyẹn. Àfi bí Saburo, àbíkẹ́yìn, ṣe gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orúnkún, tó ṣẹ́ ẹ gbàù! Ó ní inú ogun ni bàbá ti tọ́ àwọn, báwo làwọn ò ṣe ní í bára àwọn jà? Bàbá bínú, ó lé e dànù.

Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn méjì tó ń pọ́n bàbá lé gan-an ni ò gbà á sílé mọ́. Wọ́n kógun ká a mọ́ ilé olódi kẹta, ibẹ̀ náà làwọn èèyàn Jiro ti yìnbọn pa Taro, ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ilé olódi yẹn, ẹ̀gbẹ́ òkè Fuji ni Kurosawa kọ́ ọ sí, ó sì dáná sun ún ní ti gidi. Ọmọ mi ní Kaede, ìyàwó Taro, ló bà wọ́n jẹ́. Mo ní rárá o, ṣé kì í ṣe Hidetora ló pa àwọn èèyàn obìnrin náà ni?

Bàbá tiwa kú n'Ìbàdàn lọ́dún 2011, wọ́n fi ilé méjì sílẹ̀, wọn ò sọ pé ti ta ni. Bùọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé iwájú, èmi náà gba lọ́yà. Láti 2014 la ò ti kíra wa mọ́. Àbúrò wa obìnrin ló ní ká ta ilé méjèèjì, ká pín owó ẹ̀ sọ́nà mẹ́ta. Èmi àti bùọ̀dá tá à ń bára wa jà, ohùn kan náà la fi lé e jáde, a ní kí ló kan obìnrin nínú ilé bàbá wa. Láti ọjọ́ náà, kò wá sílé mọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, mo pè é. Ó béèrè ta ni. Mo ní èmi ni. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé ó ti pa fóònù ni. Ó wá ní, "Bùọ̀dá, ṣé Màámi wà dáadáa?" Mo ní wọ́n wà. Ẹ̀gbọ́n mi ni mi ò tíì pè.