Irin Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Lọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a lọ kí ọ̀rẹ́ wa kan ní Idu, l'Ábùjá. Ọkọ̀ ló gbá a, wọ́n sì fi irin de eegun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Eegun ti jinná, ṣùgbọ́n irin ń dùn ún, owó tí wọn yóò fi tún ẹsẹ̀ là kí wọ́n yọ ọ́ kò sì sí.

Àwọn bàbá wa tó ń to eegun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí eegun bá ti so pọ̀, wọn a tú igi tí wọ́n fi dì í. Irin wo ló lè ṣe bí igi yẹn? Magnesium ni. Ó wà nínú ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ, ó wà nínú eegun wa, omi ara sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán.

Ní 1907, Lambotte, oníṣẹ́ abẹ ará Bẹ́ljíọ̀mù, fi de ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Ìṣó irin tó fi kàn án mú kó yára bàjẹ́. Láàárín ọjọ́ 8, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ sì kún abẹ́ awọ. Àwọn onímọ̀ kò jáwọ́. Ní 2013, síkúrù MAGNEZIX ti Jámánì gba àṣẹ títà ní Yúróòpù.

Ní Idu kan náà ni NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba, wà. Oògùn ìbílẹ̀ láti ọwọ́ oníṣègùn Yorùbá ni wọ́n yẹ̀ wò tó di Niprisan, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ta ni nínú wa tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ́n ato-eegun? Ọ̀rẹ́ wa ṣì ń tiro o.