Igbó Ọba ní Białowieża



Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Pólándì, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹbí wa fẹ́ ta igbó tí baba ńlá wa fi sílẹ̀, kí wọ́n fi owó rẹ̀ tún òrùlé agboolé ṣe. Èsì tèmi nìkan ni wọ́n ń retí.

Àbúrò mi mú mi lọ sí agbègbè Hajnówka, lẹ́bàá ààlà Bẹ́lárùs. A kọ́kọ́ kọjá ní Soce, Puchły àti Trześcianka, àwọn abúlé tí a fi pákó kọ́ ilé wọn, tí a sì gbẹ́ ọnà sí ara fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni a dé igbó Białowieża.

Igbó ọba ni láyé àtijọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣọdẹ ẹfọ̀n ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní żubr, láìgba àṣẹ ọba. Èèwọ̀ yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí a gé igbó náà tán. Mo fọwọ́ kan àwọn igi óákù ńláńlá tí a fi orúkọ ọba àtijọ́ sọ. Ìrókò wa ni mo rántí.

Ṣùgbọ́n òkúta kan wà nínú ọgbà ààfin ibẹ̀ tó ń ròyìn ọdẹ tí Ọba Augustus Kẹta ṣe ní 1752: ẹfọ̀n 42 ni wọ́n pa. Mo dúró pẹ́ níwájú rẹ̀. Àṣé ọwọ́ ẹni tó ni èèwọ̀ náà lè ba ohun tó ń ṣọ́ jẹ́. Ogun Àgbáyé Kìíní àti ìdàrúdàpọ̀ tó tẹ̀lé e ló wá run ẹfọ̀n tó kù nínú igbó náà. Ní 1929, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó òmíràn wá láti ibi tí a ti ń sìn wọ́n. Ní 1952, wọ́n tú àwọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ padà sínú igbó. Lónìí, wọ́n ti lé ní 500, àlejò sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe olórí ẹbí wa.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á. Àwọn ará ibí rí ẹfọ̀n kó wá láti ibòmíràn. Níbo ni a ó ti rí igbó baba wa kó wá?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀, ilé sì ń jò."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi owó páànù ránṣẹ́ lóṣooṣù. Yàrá méjì ṣì ń jò; igbó ṣì wà níbẹ̀. Bí agboolé yín bá ní irú igbó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ kí ayùn tó dé ibẹ̀.