Lẹ́tà sí Báyọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àdàpọ̀

Igbóbì, Èkó.

Báyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ní kí Tóní ọmọ rẹ ṣàlàyé: mix, combine, confuse, coalesce, blend. O ní ó ti ń há wọn sórí bí ẹni pé ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní. Jọ̀ọ́, dá a dúró. Orísun wọn ni kó wò.

Mú confuse. Confundere ni Látìn ń pè é: fundere ni kéèyàn da nǹkan olómi, con sì ni pọ̀. Dà pọ̀ gan-an ni, bí àwa náà ṣe ń wí! Nígbà tó jẹ́ pé ohun tí a bá dà pọ̀ báyẹn kì í ṣeé yà mọ́, ìdàrúdàpọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì wá ń fi í pè. Inú mi dùn púpọ̀ sí èyí.

Ti mix àti combine, ọlidé ni kó dé, kí n mú Tóní lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú. Bí oníbàárà bá fẹ́ àwọ̀ ewé, atẹ̀wé á bu íńkì yẹ́lò sórí gíláàsì, á fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kó búlúù díẹ̀ sí i, á máa rò ó lọ rò ó bọ̀ títí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè tọ́ka sí yẹ́lò mọ́. Mix nìyẹn, láti ara miscere. Ṣùgbọ́n wọn kì í po íńkì ti fọ́tò ara kàlẹ́ńdà. Cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú, pléètì tirẹ̀ ni kálukú ní, tí ń tẹ àmì kéékèèké sórí bébà. Fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: àmì kọ̀ọ̀kan wà láyè tirẹ̀, ojú wa ló pa wọ́n pọ̀. Combine nìyẹn. Bini, tó wà nínú rẹ̀, ni Látìn ń pe méjì-méjì.

Coalesce ni kí nǹkan dàgbà pọ̀. Ọsibítù egungun tó wà ládùúgbò wa níbí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, ló ti yé mi jù. Dókítà lè to egungun tó kán, ó lè dì í. Egungun fúnra rẹ̀ ni yóò hù mọ́ra.

Blend kì í ṣe Látìn ní tiẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn Viking tó tẹ̀dó sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá.

Wá bi Tóní léèrè fún mi: Igbobi College, tí ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932, tí ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣì ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀ dòní, èwo nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló bá a mu? Èmi mọ èyí tí màá mú. Kó kọ tirẹ̀ ránṣẹ́, kó sì sọ ìdí.



Èmi ni,
Délé